Ìlà Kan Tí Ànúolúwa Yọ

Bàtà ọkùnrin náà ni Ànúolúwa kọ́kọ́ rí. Ó fi okùn so méjèèjì pọ̀, ó gbé e kọ́ ọrùn, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré nínú ẹrọ̀fọ̀ Òkè-Àgbò nínú sùtánà funfun báláú, òjò sì ń lù ú. Nígbà tó sá wọ abẹ́ àtíbàbà tí Ànúolúwa wà, kò tilẹ̀ nu ojú. Ìwé kan tó wé sínú ọ̀rá ló kọ́kọ́ tú wò bóyá omi kàn án.

"Ṣé Bíbélì ni?" Ànúolúwa bi í.

"Rárá o, ìwé ìran ni. Èmi ni mò ń kọ ohun tí Ẹ̀mí bá gbẹnu wòlíì sọ ní ìjọ wa. N kì í fi kún un, n kì í yọ nínú rẹ̀." Ó wo ọwọ́ Ànúolúwa. "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń kọ tí bírò fi ba gbogbo ìka yín jẹ́ báyìí?"

"Irọ́ ni," Ànúolúwa dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìtàn àròsọ ni mò ń kọ."

Bí Zechariah, káfíńtà ará Atíkòrí, ṣe di ẹni tó ń bá Ànúolúwa, tíṣà ilé ìwé, ka ìwé tó ń kọ nìyẹn.

Ọdún kejì rèé tí Ànúolúwa ti wà lórí ìwé yìí, àkọ́kọ́ tí yóò kọ. Ó ti ya ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọ̀gá atẹ̀wé kan ní Àgọ́-Ìwòyè ní èdè rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀ lára. Ó sunkún délé lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ náà.

"Tíṣà mi," Zechariah wí nírọ̀lẹ́ kan, eruku pákó ṣì wà nírun rẹ̀, "mo ti ka ọgọ́rùn-ún ojú-ìwé, ebi kò tíì pa ẹnì kankan."

"Ṣé torí ebi ni wọ́n ṣe ń kàwé?"

"Tèmi ń pa mí báyìí o. Kí lo sè?"

Ó bu ìkókoré fún un. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará inú ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, wọ́n ń jà, wọ́n ń bú ara wọn. Ànúolúwa mọ̀ pé òun ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Zechariah ti sọ fún Ànúolúwa ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun àti wòlíì nìkan ló wà nínú àdúrà òwúrọ̀ kan tí Ẹ̀mí ní kí wọ́n gbé ìyá Zechariah lọ sí ọsibítù lónìí. Wòlíì kì í rántí ohun tó bá sọ nínú ẹ̀mí. Ìkórè ìjọ ku ọjọ́ méjì, ìyá náà sì ti fi ọdún kan gbáko retí rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Zechariah, ló bá yọ "lónìí" kúrò nígbà tó ń kọ ọ́. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ìran náà, ó ní ó di ẹ̀yìn ìkórè. Ìyá kú kí ilẹ̀ ọjọ́ ìkórè tó mọ́, láti ìgbà náà ni bàbá sì ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Zechariah sunkún títí ọrùn aṣọ Ànúolúwa fi rin gbingbin.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni Ànúolúwa fi kọ ọ́, ó di orí keje. Ó yí orúkọ padà, ó gbé ìtàn náà lọ sí Ìwòpin létí omi. Ó kọ ọ́ pé ọkùnrin náà sunkún, ṣùgbọ́n ó rí i pé orí náà túbọ̀ lágbára bí ojú rẹ̀ bá gbẹ, ló bá fa bírò lé ìlà náà. Kò béèrè lọ́wọ́ Zechariah, torí ó mọ̀ pé yóò ní rárá.

Ìwé jáde, gbogbo ènìyàn ń yin orí keje. Ọmọ ìjọ kan ra ọ̀kan fún bàbá Zechariah. Bàbá kà á tán, ó dá ìtàn ikú ìyàwó rẹ̀ mọ̀ nínú rẹ̀, kò sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Zechariah wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Kò pariwo. "Tíṣà, mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ fún Bàbá. Ó ku díẹ̀ kí n lè sọ ọ́." Ó yí padà, ó lọ. Ì bá sàn fún Ànúolúwa ká ní ó bú òun.

Fún oṣù méje, Ànúolúwa kò lè kọ ìlà kan. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá. Zechariah jókòó sẹ́bàá fèrèsé, kò wò ó.

"Ṣé ó sunkún nígbà tó ń sọ ọ́ fún ẹ?" bàbá bi í.

"Ó sunkún gan-an, sà."

"Ẹ̀ẹ́ ti jẹ́ tí kò sí nínú ìwé?"

"Èmi ni mo yọ ọ́, sà. Mo rò pé ìtàn náà á dára jù bẹ́ẹ̀."

Bàbá mú ìwé náà. "Oṣù méje ni mo fi rò pé kò dun ọmọ mi."

Ó ju ìwé náà sí Zechariah lẹ́sẹ̀. "Kọ ọ́ síbẹ̀."

Zechariah kọ ọ́ sí etí ìwé: "Mo sunkún." Ó na bírò sí Ànúolúwa. Òun náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Èmi ni mo yọ ọ́."

"Akọ̀wé ìran, dárí jì mí," Ànúolúwa bẹ̀ ẹ́.

"Ó ṣì ń dùn mí, Tíṣà." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, àti bírò àti ìka. "Ṣùgbọ́n má lọ."

Ẹ̀yìn ìkórè ọdún náà ni wọ́n ṣègbéyàwó, bàbá ló sì gbàdúrà fún wọn. Títí di òní, bí Ànúolúwa bá rí ìwé náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á tọrọ rẹ̀, á ṣí orí keje, á fọwọ́ kọ ìlà náà padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ti tà lọ ló pọ̀ jù. Nínú gbogbo wọn, ọkùnrin náà kò sunkún.