Ìyẹ́ Áńgẹ́lì Tó Sán

"Wendel, ṣé o ń gbẹ́ ìyẹ́ yẹn ni àbí ò ń bá a sọ̀rọ̀?" Ọ̀gá Burkhard ké láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù bú sẹ́rìn-ín.

Wendel kò lè rẹ́rìn-ín. Òòlù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣìnà ni, ìyẹ́ ère áńgẹ́lì tó ń fi òkúta gbẹ́ sì ti sán, tín-ín-rín bí irun orí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ọdún márùn-ún ló ti fi kọ́ṣẹ́. Tí wọ́n bá ti gbé ère yìí sókè nínú ilé Ọlọ́run ìlú Heilbach lọ́dún Àjíǹde, yóò gba òmìnira.

"Mo ti fẹ́ parí, ọ̀gá!"

Ó po ìyẹ̀fun òkúta mọ́ ìda, ó fi dí ojú ibẹ̀, ó sì fọwọ́ ra á títí ó fi jọ̀lọ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi okùn fa ère náà sókè, Ọ̀gá Burkhard nawọ́ láti tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́nà. Ìyẹ́ náà já, ó sì rún ọwọ́ ọ̀tún bàbá náà mọ́lẹ̀. Oníṣègùn gé ìka mẹ́ta.

"Ott ló fà á!" làwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo. "Òkúta burúkú ló tà fún wa! Ẹ lé e kúrò nílùú!"

Ott, bàbá arúgbó tó ń wa òkúta, kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ ṣàánú mi! Ìyàwó mi ò lè dìde lórí ibùsùn. Ibo ni kí n gbé e gbà?"

Wendel kò lè gbọ́ ọ mọ́. Ó sáré lọ bá ọ̀gá rẹ̀ lórí ibùsùn.

"Ọ̀gá, èmi ni. Mo rí i pé ó sán, mo fi ìda dí i."

Burkhard bi í pé, "Kí ló dé tí o ò pè mí?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, ọ̀gá."

"Ká ní o pè mí ni, à bá gbẹ́ ìyẹ́ mìíràn." Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì sókè. "Èyí ńkọ́? Ta ni yóò gbẹ́ òmíràn fún mi?"

Wọ́n dá Ott láre, wọ́n sì pa orúkọ Wendel rẹ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́kùúta. Kò sí agbẹ́kùúta kan tó tún gbà á síṣẹ́. Ott nìkan ló ní, "Máa bọ̀, jẹ́ ká jọ wa òkúta."

Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ni eérú Wendel kọ́kọ́ tọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tètè jẹ́wọ́ àṣìṣe yín nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe.