Orin Tí Mo Fà Wálẹ̀

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó bi mí pé orin Gẹ̀ẹ́sì wo ló rọrùn jù fún obìnrin tí kò lóhùn.

Òkè ilé oúnjẹ kan la wà, lọ́sàn-án Sátidé. Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ karaókè níbẹ̀. Ẹ̀rọ á máa lu ìlù orin, ọ̀rọ̀ orin á máa jáde lójú tẹlifíṣàn, ẹni tó bá wù á gba máìkì, á sì kọ ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀, rédíò ni mo ń tún ṣe. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní Ẹ̀rín-Wọ́n, mi ò sì bá wọn jà sí i.

Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tí kò lóhùn. Ó ní kí n má tan òun. Nílé ìwé, tíṣà tó ń kọ́ wọn lórin ní kó máa mi ẹnu lásán. Nílé, ìyá rẹ̀ máa ń ní kó dákẹ́, pé ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọkùnrin. Alágbàfọ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ kan nítòsí ibùdókọ̀.

Oṣù mẹ́ta ló kù kí ìyá rẹ̀ pé àádọ́rin ọdún. Irú orin Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá náà máa ń gbọ́ nínú rédíò ló fẹ́ kọ fún un. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fẹ́ kí ìyá òun gbọ́ òun dópin.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo kọ orin mẹ́rìnlá sí, ti obìnrin ni gbogbo wọn, èmi ni mo sì ṣà wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì wọn kì í sáré. Ègbè wọn máa ń padà wá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, kí ẹni tó bá ṣìnà lè rí ibi dì mú. Pàtàkì jù, wọn kì í fò sókè lójijì. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń lọ mú orin tí olórin ti ń ké bíi fèrè, torí pé òun ni gbogbo ayé fẹ́ràn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ bí ọba, wọ́n á parí bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun.

Ó mú ìkẹfà, orin obìnrin kan tó ń dúró de olólùfẹ́ rẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin láti àárọ̀. Ó bi mí pé ṣé obìnrin yẹn kò níṣẹ́ ni.

Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì gbóná, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ègbè, kò lè gùn ún. Ó gbé máìkì sílẹ̀. Mo ní kó tún un kọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò sì sọ fún un. Bọ́tìnnì yẹn máa ń fa ohùn orin wálẹ̀ láìyí ìlù rẹ̀ padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ ọ́ dópin. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún nílé. Bí mi ò ṣe lè sọ fún un mọ́ nìyẹn.

Ó ń wá ní gbogbo Sátidé, bọ́tìnnì náà ni mo sì ń tẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ kan kọ́là mi.

“Ẹ̀rín-Wọ́n, ta ló ń lọ aṣọ yìí fún ẹ?”

“Èmi ni.”

“Ó hàn.”

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, òun ló ń lọ ọ́. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì sọ ọ́.

“Ojú wo lo fi ń sọ ọ́ yìí?” ló wí. “Ó dà bí ẹni tó wá sọ fún mi pé rédíò mi kò ṣeé tún ṣe mọ́.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Èmi náà nífẹ̀ẹ́ ẹ, àyànfẹ́ mi.”

Inú ìyá rẹ̀ kò dùn. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ní òun ti gba ọmọ tó rẹ́rìn-ín jù mí lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Síbẹ̀, ó ní kí n wá síbi ọjọ́ ìbí òun, kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kí òun lè wò mí dáadáa.

Torí náà, mo fa ẹ̀rọ lé ẹni tá a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù rédíò lọ́wọ́ fún ọjọ́ náà. Mo fi wáyà hàn án, mo fi bí wọ́n ṣe ń wá orin hàn án. Mi ò dárúkọ bọ́tìnnì. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́ pẹ́ débi pé mo ti gbàgbé pé kì í ṣe ara orin náà.

Lọ́jọ́ náà, nínú pálọ̀ wọn, bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí ni mo ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fà á wálẹ̀. Mo fẹ́ dìde. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún, ó ní kí n jókòó, kí ọmọ òun kọrin. Mo jókòó. Ó yẹ kí n dìde.

Ohùn rẹ̀ já ní ègbè àkọ́kọ́, ó tún já ní ìkejì. Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ṣebí àwọn ti sọ fún un látijọ́. Olólùfẹ́ mi rọra gbé máìkì sórí àga, ó sì wọ ilé ìdáná lọ.

Mo tẹ̀ lé e, mo sọ gbogbo rẹ̀.

“Láti ìgbà wo?” ló bi mí.

“Láti ọjọ́ àkọ́kọ́.”

“O rí i pé orin ga jù mí lọ, o wá ń gbé àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ mi, o sì jẹ́ kí n máa yangàn pé mo ti ga.” Kò pariwo. “Ká ní o sọ fún mi ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá gbé àpótí mi wá síbí. Máa lọ.”

Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò wá. Mò ń wọ aṣọ tí mo lọ fúnra mi.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, ìyá rẹ̀ gbé rédíò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sí nǹkan tó ṣe rédíò náà. Ó ní ọmọ òun ò jẹun dáadáa, kí ni mo ṣe fún un. Mo sọ fún un.

“Èmi ni mo kọ́kọ́ ní kó dákẹ́,” ló wí. “Ìwọ, torí kó lè kọrin lo ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n inú ilé ìdáná kọ́ ni wọ́n ti dójú tì í. Bó o bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́, pálọ̀ ni kó o ti bẹ̀ ẹ́.”

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀. Ẹbí pé. Mo sọ fún wọn ohun tí mo ṣe. Lẹ́yìn náà, mo gba máìkì, mo sì kọ orin obìnrin náà níbi tó ga sí, èmi tí mi ò kọrin níwájú èèyàn rí. N kò dé ìdajì ègbè tí ohùn mi fi ya bí aṣọ gbígbó. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gèlè nu ojú.

Olólùfẹ́ mi jáde láti yàrá. Ó gba máìkì lọ́wọ́ mi.

“Fà á wálẹ̀,” ló wí. “Jẹ́ kí gbogbo wọn rí i.”

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ń kà á sókè. Ó kọ orin náà dópin. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ní kó tún un kọ.

A ṣègbéyàwó lóṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè lọ́wọ́ mi: bí mo bá rí ohun tó ga ju òun lọ, kí n sọ fún òun. Ọdún mọ́kànlélógún la fi gbé pọ̀, a bí ọmọ méjì.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà pè mí síta yàrá tí ìyàwó mi dùbúlẹ̀ sí nílé ìwòsàn. Ó ní kò sí oògùn tó lè ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kí n má tíì jẹ́ kó mọ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Mo yí ọgbà ilé ìwòsàn náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọlé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe sọ ọ́.

Ó di ọwọ́ mi mú.

“O ṣeun, ọkọ mi,” ló wí. “Lọ pe àwọn ọmọ wá. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn.”

Mo dìde, mo lọ pè wọ́n.