Wáyà Abẹ́ Pátákó

"Yàrá àlejò mi ti di ibùdókọ̀ ojú irin o! Ẹ jẹ́ kí n rí ibi jókòó."

Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń pariwo tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ nìkan ló rí lábẹ́ pátákó ńlá tí wọ́n gbé ka àga méjì. Tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi òjé yíyọ́ so wáyà mọ́ irin tí ọkọ̀ ojú irin kékeré ń gbà. Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà níṣẹ́ iná ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án. Bó bá dára, Tẹ́ẹ́rẹ́ yóò bá wọn kẹ́kọ̀ọ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tilẹ̀ tó. Kò sí ohun tó wù ú tó bẹ́ẹ̀.

Ìdarí tuntun ló ń lò, èyí tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó jẹ́ pé èyí tí èèyàn bá pè ló ń dáhùn. Wáyà pupa ni ti irin òde, dúdú ni ti irin inú. Pupa kò gbọdọ̀ bá dúdú pàdé; bí wọ́n bá pàdé, àpótí ìdarí á ké, á sì pa iná.

Ó tan iná. Àpótí ìdarí ké "fíì!", ó sì pa iná.

"Ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú," ni Kíákíá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wí.

Tẹ́ẹ́rẹ́ tún wọ abẹ́ pátákó. Ìgbà yẹn ló yé e. Nígbà tó dúró, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni irin òde wà. Nígbà tó rá wọ abẹ́ pátákó tó sì fẹ̀yìn lélẹ̀, irin náà ti bọ́ sí òsì. Ní kọ́nà ìkángun, ó ti so pupa síbi dúdú.

"Gé e dànù, kó o fi téèpù bò ó," ni Kíákíá sọ. "Irin ṣáà so mọ́ irin, iná á débẹ̀. Ta ló ń wo abẹ́?"

Ohùn olùkọ́ ti ń dún níta. Tẹ́ẹ́rẹ́ gé e.

Nígbà tó tún tan iná, ọkọ̀ sáré lóòótọ́, àmọ́ bó dé kọ́nà, ńṣe ló ń wọ́ bí ẹni tí ibà ń ṣe.

"Ẹ káàsán, mà," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ kí olùkọ́ bó ti ń wọlé.

"Káàsán. Áà, ó mà dára o! Ṣé gbogbo wáyà lo so?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá ni, mà!" Kíákíá ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ó dáa. Máa bọ̀ ní Sátidé."

Ó yẹ kí Tẹ́ẹ́rẹ́ fò sókè. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó nawọ́ sí kọ́nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì gbà mí. Mo so ti kọ́nà yẹn lódì, ni mo bá gé e."

Kíákíá fi ìgúnpá gún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Olùkọ́ mú owó irin kan, ó fi í dábùú irin méjèèjì ní kọ́nà, bíi pé pupa bá dúdú pàdé. Àpótí kò ké. Olùkọ́ yára mú owó náà kúrò.

"Ó yẹ kó ké. Iná ibí ti rọ̀ jù, kò lè jí àpótí. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí, wáyà á máa gbóná títí á fi jó." Ó fa àga, ó jókòó. "Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà ná. Tún un ṣe. Mò ń wò."

Omi lé ròrò lójú Tẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ ó rá wọ abẹ́ pátákó. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ́kọ́ fi yíǹkì pupa sàmì sí ibi tí irin òde wà lókè rẹ̀, kó má baà tún gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀tún àti òsì.

"Jẹ́ kí n bá ẹ di tọ́ọ̀ṣì mú," ni Kíákíá sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Má jẹ́ kọ́wọ́ ẹ gbọ̀n o, Kíákíá."

"Jẹ́jẹ́ lorúkọ mi látòní lọ."

Nígbà tó tán, olùkọ́ tún fi owó irin dábùú kọ́nà. Fíì!

Ìyá sáré wọlé. "Kí ló jó?"

"Kò sóhun tó jó, Mọ́mì! Ó yẹ kó ké ni!"

Lẹ́yìn náà ni Tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ọkọ̀ kejì lé irin. Ó pe nọ́ńbà ti àkọ́kọ́: ó gbéra, ó sì gba kọ́nà láìfà sẹ́yìn. Lórí irin kan náà, èkejì dúró wámúwámú, ó ń retí ìpè tirẹ̀. Olùkọ́ pàápàá dìde dúró wò ó.

"Ẹni tó so wáyà lódì, mo lè kọ́ ọ," ló sọ. "Ẹni tó bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ilé ló máa jó kí n tó mọ̀. Má pẹ́ ní Sátidé o."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tí kì í ṣàṣìṣe. Ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ kíákíá, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe jẹ́jẹ́.