Irun Ìyá Nínú Dígí

Dígí fọ́tò àtijọ́ kan ṣoṣo tí Makame gbé mọ́yà bí ọmọ tuntun ni Zuwena kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú ẹni tó gbé e wọ ilé ìkóhun-àtijọ́-pamọ́ ní Zanzibar.

Zuwena, tó ń tún àwòrán àtijọ́ ṣe níbẹ̀, ní kó má fọwọ́ kan àárín rẹ̀. Ó dì í mú létí, ó mí sí igun rẹ̀ lójú méjèèjì. Èémí mú ojú kan ṣú, ìkejì kò ṣú: ojú tí kò ṣú ni àwòrán wà, iyọ̀ afẹ́fẹ́ òkun sì ti ń ṣí i kúrò bí èèpo àlùbọ́sà. Zuwena fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó gbé àwòrán náà padà, kò ya níbì kankan. Makame ń gbẹ́ ilẹ̀kùn jẹun, ó mọ iṣẹ́ tó bá rí i. Ọkàn rẹ̀ kò bá a padà sílé mọ́.

Ogójì dígí ni bàbá àgbà Makame, ayafọ́tò tó ń ya àwòrán sára dígí, fi sílẹ̀. Ọ̀kan lójúmọ́ ló ń gbé wá.

Nígbà tó gbé mọ́kàndínlógójì wá tán, ọ̀kan tó kù nílé ti fọ́ sí márùn-ún. Àwòrán ìyàwó bàbá àgbà lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, láìborí, ló wà lára rẹ̀. Ọjọ́ tó bí Bi Mwanakheri, ìyá Makame, ló kú, ọkọ rẹ̀ sì ti dígí náà mọ́lé láìtẹ̀ ẹ́ sórí bébà rí. Bi Mwanakheri kò mọ ojú ìyá rẹ̀. Òjò dé, awọ dígí ń ṣí sí i, síbẹ̀ ó ní obìnrin ilé àwọn nìkan ló lè rí irun ìyá òun.

Makame dorí kodò ròyìn rẹ̀ fún Zuwena, ó wá ní kó fẹ́ òun. Zuwena gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Ṣé èmi lo fẹ́, àbí ọwọ́ mi?"

"Dígí mọ́kàndínlógójì, Zuwena, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọlanke kan ì bá kó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan."

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Ẹ̀rù ọjọ́ tí dígí yóò pé ogójì, tí o kò ní wá mọ́, ló ti ń bà mí."

Àwọn ará ilé Makame kọ lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó sí bàbá Zuwena, ó sì gbà. Ọ̀sẹ̀ kejì ìgbéyàwó, Zuwena to ègé márààrún pọ̀ ní yàrá ìyá ọkọ rẹ̀, ó lẹ̀ wọ́n, ó sì tẹ àwòrán náà sórí bébà.

Bi Mwanakheri wò ó títí, omijé gba ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ìyarun.

"Jókòó síbí, ọmọ mi," ló wí. Ó tú ìborí Zuwena, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di irun rẹ̀ bí ó ṣe rí i lórí ìyá tirẹ̀ nínú àwòrán náà.