Àyè Kan Nínú Oko Tulip

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ sún díẹ̀. Ipò ẹnì kan lẹ dúró sí."

Rẹ̀mílẹ́kún bojú wẹ̀yìn. Kò séèyàn níbẹ̀. Òdòdó tulip nìkan ló tò lọ rẹrẹ, pupa àti yẹ́lò, nínú oko tó wà lẹ́yìn ìlú Okotoks, nítòsí Calgary ní Canada. Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ náà dúró ti kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó ti gbọ́ Yorùbá tí Rẹ̀mílẹ́kún ń bá Súmbọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ lórí fóònù.

"Ipò ta ni?" Ẹ̀rín ń pa Rẹ̀mílẹ́kún.

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Ó ti mọ́ mi lára ni."

Bí Rẹ̀mílẹ́kún, nọ́ọ̀sì tó ń gbé àdúgbò Cityscape, ṣe pàdé Akínlabí nìyẹn.

Kí snow tó bẹ̀rẹ̀, ìfẹ́ ti kó sí àwọn méjèèjì lórí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Rẹ̀mílẹ́kún kọ́kọ́ wọ ilé Akínlabí ní àdúgbò Copperfield, àyà rẹ̀ já. Fọ́tò oko tulip ló kún ògiri pálọ̀, wọ́n rẹwà débi pé èèyàn á fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Nínú gbogbo wọn, àyè kan ṣófo lápá òsì, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Dúpẹ́ ìyàwó mi ló máa ń dúró síbẹ̀," Akínlabí wí jẹ́jẹ́. "Ọdún kẹta rèé tó ti kú. Mi ò tíì lè dí àyè náà."

Nígbà tó ní òun fẹ́ fi Rẹ̀mílẹ́kún ṣaya, Súmbọ̀ fàáké kọ́rí.

"Rẹ̀mí, abeg, no. Òkú lo fẹ́ bá du ọkọ? Ó ti wà nínú ilé yẹn kó o tó dé o!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Rẹ̀mílẹ́kún, torí ohun tó ń ba òun náà lẹ́rù nìyẹn. Bó bá jókòó ní pálọ̀ yẹn, ó máa ń ṣe é bíi pé ẹnì kan ń wo òun.

Nígbà tí òdòdó tún yọ, ó mú Akínlabí padà sí oko, ó sì lọ dúró sí àyè Dúpẹ́.

"Ya fọ́tò mi níbí. Tó o bá lè yà mí, màá fẹ́ ọ. Tí ò bá ṣeé ṣe, jẹ́ kí n máa lọ."

Akínlabí tẹ kámẹ́rà. Wọ́n jọ wo fọ́tò náà. Orí Rẹ̀mílẹ́kún wà nísàlẹ̀ fọ́tò, sánmà lásán ló kún òkè. Dúpẹ́ ga. Gíga Dúpẹ́ ni Akínlabí gbé kámẹ́rà sí, kò tiẹ̀ mọ̀.

"Èmi kọ́ lò ń wò," Rẹ̀mílẹ́kún wí tẹkúntẹkún.

Ó gbé báàgì rẹ̀. Àmọ́ ó tún wo àyè náà, ó sì rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí ìyálé láràárọ̀. Òun kò tíì kí tòun rí. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ kú ilé o. Èmi Rẹ̀mílẹ́kún ni. Mi ò wá lé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa rí èmi náà."

Akínlabí bú sẹ́kún. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀, ó dín ẹsẹ̀ kámẹ́rà náà kù, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí ó fi bá ojú Rẹ̀mílẹ́kún dọ́gba.

"Olólùfẹ́ mi," ó wí, "mo ti ń rí ọ."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹbí tò síta ṣọ́ọ̀ṣì fún fọ́tò. Súmbọ̀, tó gbà tipátipá, sáré wá dúró lápá òsì ọkọ ìyàwó. Rẹ̀mílẹ́kún fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ipò ẹnì kan lẹ dúró sí."

Súmbọ̀ bojú wẹ̀yìn. Kò séèyàn níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, ma," ó wí fún àyè òfìfo náà, ó sì sún.