Ìlà Mẹ́ta Tí Àrùn Kò Mú

Ọjọ́ tí Apolline kọ́kọ́ bá Thiébaut pàdé, ìjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Thiébaut gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fín oògùn sí ọgbà àjàrà àwọn òbí tirẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e bọ̀ lórí ọgbà ilé Apolline. Apolline dúró lójú ààlà, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fi ara dènà afẹ́fẹ́.

"Pa nǹkan yẹn."

Ó pa á, ó rẹ́rìn-ín. "Àṣé ẹ̀yin lẹ máa ń se àgbo fún igi. Ṣé lóòótọ́ lẹ máa ń wo ojú òṣùpá kẹ́ ẹ tó bu omi sí i?"

"Àgbo wa ò ní ká bo imú. Ìwọ tó o bo tìẹ, kí lò ń sá fún?"

Thiébaut ṣí aṣọ imú rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ náà lọ. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá láìgbé ẹ̀rọ, ó mú páì alálùbọ́sà tí ìyá rẹ̀ yan lọ́wọ́. Kí àjàrà tó yọ òdòdó, Apolline ti fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bó bá gbọ́ ìró katakata rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, àyà rẹ̀ á máa lù.

Gaspard, bàbá Apolline, kò fẹ́ gbọ́. Ó ti pé ogójì ọdún tí oògùn kò kan ọgbà rẹ̀.

"Irú àjàrà kan ṣoṣo, Riesling, ni mo gbìn, orí òkúta yìí nìkan. Ẹni tó bá mu wáìnì mi, ìtọ́wò òkúta yìí ló gbọ́dọ̀ mọ̀ lẹ́nu. Àwọn ará ilé ọmọ yẹn, oògùn ni wọ́n ń gbìn."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó bá wa ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ wò ó."

"Kó wá. Òjò ló máa fi irú ẹni tó jẹ́ hàn mí."

Òjò náà dé ní oṣù kẹfà, kò sì lọ. Láràárọ̀ ni Thiébaut ń bá wọn ru àgbo ewé gun òkè. Síbẹ̀, àbààwọ́n bí epo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ewé. Ìlà mẹ́ta igi àjàrà tó wà nísàlẹ̀, tí ìyá Apolline gbìn kó tó kú, ni àrùn yìí kọ́kọ́ mú. Apolline jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó lọ wo igi ìyá rẹ̀. Òórùn oògùn pàdé rẹ̀ lọ́nà. Thiébaut dúró níbẹ̀, omi oògùn ò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo ṣe?"

"Mo gbà wọ́n là."

"Thiébaut."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, olólùfẹ́ mi. Ta ló máa mọ̀? Mi ò lè máa wo ẹkún rẹ."

Ó yẹ kí Apolline sọ fún bàbá rẹ̀ kí ọbẹ̀ ọ̀sán tó tutù. Kò sọ. Ìfẹ́ ló dì í lẹ́nu.

Àrùn jó ewé òkè yẹn láti ìsàlẹ̀ dókè, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta náà tutù yọ̀yọ̀. Àwọ̀ ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ba Apolline lẹ́rù. Aláǹtakùn kò ta okùn sí wọn mọ́. Ẹyẹ ń fò kọjá, wọn kì í bà.

Gaspard ní tirẹ̀ ń fọwọ́ pa ewé wọ̀nyẹn bí ẹni ń pa orí ọmọ. "Àgbo tí Thiébaut bù sí ìlà yìí ti ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ ti gba ọmọ yìí. Ẹ fẹ́ra yín. Èso ibí yìí la máa fi ṣe wáìnì ìgbéyàwó yín."

Thiébaut dì mọ́ bàbá náà. Apolline fi ẹ̀rín bo ẹ̀rù rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, níwájú àwọn méjèèjì, Gaspard já èso kan nínú ìlà mẹ́ta náà, ó jẹ ẹ́. Ó já òmíràn.

"Ó dùn," ó ní. "Ó kàn dùn ni. Apolline, ahọ́n mi ti kú. Mi ò mọ ìtọ́wò òkúta lẹ́nu mọ́." Ó wo ọgbà náà yíká. "Màá ta ọgbà yìí. Ẹni tí kò lè tọ́ ọ wò mọ́, kí ló ń ṣe nínú rẹ̀?"

Apolline kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ahọ́n yín ò kú, Bàbá. Thiébaut fín oògùn sí wọn. Mo sì mọ̀."

Gaspard kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó sọ èso tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta nilẹ̀ fi ń wẹ̀ kí wọ́n tó dá ìwé ẹ̀rí ọgbà aláìlóògùn padà fún un," ó ní. "Títí dìgbà náà, mi ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

"Màá dúró, Bàbá," Thiébaut dáhùn. "Ẹ dárí jì mí."

"Èmi kọ́ lo máa bẹ̀."

Thiébaut yíjú sí Apolline. Ó wu Apolline kó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bí àrùn bá tún mú igi ìyá mi lọ́dún tó ń bọ̀," ó bi í, "kí lo máa ṣe?"

Thiébaut wo ìlà mẹ́ta náà títí. Ì bá purọ́, kò purọ́. "Bó o bá tún ń sunkún, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe."

Apolline mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

"Máa lọ sílé, àyànfẹ́ mi," ó ní.

Thiébaut sọ̀ kalẹ̀ láàárín igi àjàrà, kò wẹ̀yìn. Apolline mú àlùmọ́gàjí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé èso igi ìyá rẹ̀ dà sílẹ̀, ṣírí kan lẹ́yìn òmíràn, bàbá rẹ̀ ń gé lódìkejì. Wọn kò dúró títí tí kò fi ku èyọ kan lórí igi.