Agbọ̀n Ìrùẹṣin

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ọwọ́ tẹ koríko inú agbọ̀n létí odò, ó tún wò ó. Kò kún. Àárò ìyá rẹ̀ sì ń sọ ọ́ gidigidi. Ìlú mìíràn ni ìyá náà ti ń tọ́jú aláìsàn, àǹtí rẹ̀ apoògùn sì ti ṣèlérí: "Bí agbọ̀n bá ti kún lónìí, èmi àtìẹ la jọ ń gbé oògùn lọ lọ́la. Wàá rí ìyá rẹ."

Ìrùẹṣin ni àǹtí ń fẹ́, koríko oníkókó tí kì í yọ òdòdó. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀. Èyí tí àwọn oníṣègùn hómíópátì bíi àǹtí ń rẹ, tí wọ́n ń kán díẹ̀díẹ̀ sínú omi púpọ̀, kò ní ẹ̀ka, ara rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki. Òun ni ìyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi máa ń ha èékánná ọmọ náà títí yóò fi dán. Òdìkejì odò ni ìyókù rẹ̀ wà. Èyí tó wà nítòsí lẹ́ka wẹẹrẹ, ó sì lè pa màlúù.

"Ta ni yóò mọ̀?" Ọmọ náà já ẹ̀ka rẹ̀ dànù, ó gé e wẹ́wẹ́, ó pò ó mọ́ ojúlówó. Kíá, agbọ̀n kún.

Nílé, àǹtí mú ọ̀kan, ó fi ha èékánná. Ó mú òmíràn. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Èyí ha, èyí ò ha. Kí lo kó wá fún mi?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo fẹ́ kó tètè kún ni."

"Kí n wá máa ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà? Aláìsàn ló fẹ́ mu ún!" Ó da gbogbo rẹ̀ nù. "Ó dùn mí, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró fa òmíràn. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Àǹtí nìkan ló gbé oògùn tó ti wà nílẹ̀ lọ. Nígbà tó padà dé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré pàdé rẹ̀. "Kí ni màámi wí?"

"Ẹnu ọ̀nà ni mo bá a tó jókòó, ó ń wo ẹ̀yìn mi bóyá o ń bọ̀. Ó ní kí n bá òun wò ó bóyá èékánná rẹ ti gùn."

Ọmọ náà fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn, omijé sì bọ́. Agbọ̀n tuntun ti kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojúlówó nìkan ló sì wà nínú rẹ̀. Ó ti wá yé e wàyí: ọ̀nà àbùjá tó gbà kó lè tètè rí ìyá rẹ̀, òun gan-an ni kò jẹ́ kó rí i.